Ọ̀gìnnìtìn dé, bíìlì ń gòkè: báwo lẹ ṣe ń ṣọ́wó ná nínú ilé?

Àbẹ̀ní, Leeds

Ẹ kú ọ̀gìnnìtìn o, ẹ̀yin ará ilé. Oṣù kẹrin ọdún 2025 yìí la dé láti Ìbàdàn, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ méjì, ìgbà òtútù wa àkọ́kọ́ rèé. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, físà iṣẹ́ rẹ̀ la bá wá. Mítà tí à ń kó owó sí ló wà nínú ilé tí a gbà, ti gáàsì àti ti iná mànàmáná. Láti ìgbà tí oṣù kẹwàá ti ń parí lọ lowó inú rẹ̀ ti ń pòórá. Mo lè kó £20 sínú ti gáàsì lọ́jọ́ Ẹtì, kó tó di ọjọ́ Ajé ó ti ń pariwo. Àwọn ọmọ kéré, ọ̀kan ò tí ì pé ọdún mẹ́ta, mi ò lè ní kí wọ́n máa gbọ̀n. Mi ò sì fẹ́ béèrè ohun tó máa ba ìwé wa jẹ́ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń ṣe gan-an tówó fi ń ṣẹ́ kù? Ẹ má fi ohunkóhun pamọ́, bó ti wù kó kéré mọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Àbẹ̀ní ọmọ mi, ẹ káàbọ̀, ilẹ̀ á rọ̀ yín lọ́rùn. Ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé ni kó o kọ́kọ́ wá. Lálẹ́, rẹ ọwọ́ sómi, kó o gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ etí ìlẹ̀kùn, etí fèrèsé àti ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà bọ̀. Ibi tó bá ti tutù wọ̀ ọ́ lára, ibẹ̀ lowó ń gbà jáde. Kó o tó lọ ra nǹkan ní ṣọ́ọ̀bù, mú àǹkárá tí o kò ró mọ́, rán an bí àpò gígùn, ki àkísà sínú rẹ̀, kó o fi dí ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn. Fóòmù tó ń lẹ̀, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ etí fèrèsé, kò wọ́n rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ihò kékeré tí wọ́n dìídì ṣe sókè fèrèsé àti sára ògiri, má dí wọn o. Ibẹ̀ ni ilé ti ń mí.

Fa kọ́tìnì kí ilẹ̀ tó ṣú, má sì jẹ́ kó bo rèdíétọ̀, irin ara ògiri tó ń mú yàrá móoru, mọ́lẹ̀. Gbé àga kúrò níwájú rèdíétọ̀, kó má baà jẹ́ àga lò ń yán lóòru. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ẹ kó ara yín jọ sí yàrá kan, ẹ ti ìlẹ̀kùn, iṣẹ́ ilé ìwé, eré, gbogbo ẹ̀, ibẹ̀ ni. Lọ́sàn-án, ilé ìkàwé ìjọba gbóná, ọ̀fẹ́ ni, ìwé àwọn ọmọdé sì kún ibẹ̀.

Aṣọ àwọn ọmọ, charity shop, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun àlòkù, ni kó o ti rà á. Ẹ̀wù kan tó nípọn kò tó ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ léra wọn, kí èyí tó kan ara fún mọ́ ọn.

Ẹnjiníà Gáàsì, Manchester

Ẹ kú ìfaradà, Àbẹ̀ní. Iṣẹ́ bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń mú omi inú rèdíétọ̀ gbóná, ni mo ń ṣe, inú ilé àwọn èèyàn wa ni mo sì máa ń wà jù lásìkò yìí. Wọ́n á máa sáré pa gílóòbù, wọ́n á gbàgbé bọ́ílà, bẹ́ẹ̀ bọ́ílà ló ń jẹ owó jù nínú ilé.

Lọ síbi bọ́ílà yín. Bó bá jẹ́ combi, ìyẹn èyí tí kò ní táǹkì omi gbígbóná lọ́tọ̀, wàá rí bọ́tìnnì méjì. Ọ̀kan ní àwòrán ẹnu ẹ̀rọ omi, ìkejì ní àwòrán rèdíétọ̀. Ti rèdíétọ̀ ni mò ń bá wí. Òun ló ń pinnu bí omi tó ń lọ sínú rèdíétọ̀ ṣe máa gbóná tó. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń bá a lórí 75 tàbí 80. Dá a padà sí 60. Bọ́ílà òde òní máa ń gba ooru padà lára èéfín ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí omi tó ń padà bọ̀ láti rèdíétọ̀ bá gbóná ju nǹkan bíi 55 lọ, kò ní lè gbà á padà dáadáa. Ooru yẹn á bá páìpù jáde síta, owó yín á sì bá a lọ. Bẹ́ ẹ bá dín in kù, rèdíétọ̀ kò ní ta yín lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, yàrá á pẹ́ díẹ̀ kó tó móoru, ṣùgbọ́n yóò móoru. Ẹni tó bá ní táǹkì omi gbígbóná, ẹ má fọwọ́ kan tiyín láìbéèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, nítorí omi inú táǹkì gbọ́dọ̀ dé 60 kí kòkòrò àrùn má baà gbèrú nínú rẹ̀.

Ó wá ku thermostat, ẹ̀rọ kékeré ara ògiri. Ààrin 18 sí 20 tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Mo máa ń wọ ilé kan tí mo ń rí i lórí 30, wọ́n á ní kí ilé lè tètè móoru ni. Kì í jẹ́ kó tètè móoru. Iyára kan náà ni bọ́ílà máa fi ṣiṣẹ́, kò kàn ní mọ ìgbà tó yẹ kó sinmi ni. Orí rèdíétọ̀ kọ̀ọ̀kan náà ní nọ́ńbà 1 sí 5. Ẹ fi yàrá tẹ́ ẹ ń jókòó sí àti tàwọn ọmọ sórí 3, ẹ fi èyí tẹ́nì kankan kì í gbé inú rẹ̀ sórí 1. Ẹ má pa á pátápátá, ògiri ibẹ̀ á máa tutù, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára rẹ̀.

Bí òkè rèdíétọ̀ bá tutù tí ìsàlẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ ló há sínú rẹ̀. Pa hítà, jẹ́ kó tutù, fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ tú u díẹ̀ títí omi á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kó o dé e padà. Lẹ́yìn náà, wo aago kékeré ara bọ́ílà tó ń sọ bí omi ṣe ń tì tó nínú rẹ̀. Bó bá wà láàárín 1 sí 1.5 nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù, ó ti dáa.

Adé, Croydon

Ẹ ṣeun, Ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ ládùúgbò wa ni pé kéèyàn tan hítà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tọ̀sán-tòru ló dínwó ju kéèyàn máa tàn án kó máa pa á lọ. Wọ́n ní gáàsì tí bọ́ílà fi ń mú ilé tó ti tutù móoru pọ̀ jù.

Ẹnjiníà Gáàsì, Manchester

Mo gbọ́ ọ yé, Adé, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Wo ilé bí ìkòkò tó ń jò. Bó o bá fẹ́ kó kún ní gbogbo ìgbà, gbogbo ìgbà náà ni wàá máa pọn omi sí i. Bó bá jẹ́ ìgbà tó o fẹ́ lò ó nìkan lo pọn omi sí i, èyí tó máa jò dànù á kéré. Tan án ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí kẹ́ ẹ tó jí, pa á bẹ́ ẹ bá ń jáde, tún tàn án kẹ́ ẹ tó wọlé. Aago ara rẹ̀ lè ṣe gbogbo ìyẹn fún ọ.

Ilé tí ọmọ ọwọ́, arúgbó tàbí aláìsàn bá wà lọ́sàn-án yàtọ̀ o. Irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ 18. Àwọn tó ní heat pump, ẹ̀rọ oníná tó ń fa ooru wọlé láti ìta, tiwọn náà yàtọ̀, wọ́n ṣe é kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún àkókò gígùn ni.

Káyọ̀dé, Coventry

Ọ̀fíìsì ìgbaninímọ̀ràn ni mo ti ń yọ̀ǹda ara mi, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mítà àti ti físà. Àbẹ̀ní, ọjọ́ tẹ́ ẹ kó débẹ̀, ṣé ẹ pe ilé iṣẹ́ iná pé ẹ̀yin lẹ ń gbébẹ̀ báyìí? Gbèsè ẹni tó kó jáde lè wà lórí mítà, á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo owó tẹ́ ẹ bá kó sí i. Ẹ pè wọ́n lónìí, ẹ fi ìwé àdéhùn ilé hàn wọ́n kí wọ́n lè mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ wọlé. Gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ kò ní san án.

Ohun kejì ni standing charge, owó ojúmọ́ tí wọ́n ń yọ bóyá ẹ lo nǹkan tàbí ẹ kò lò ó. Ní ìparí ọdún 2025, tẹ́ ẹ bá pa ti gáàsì àti ti iná pọ̀, ó lé díẹ̀ ní £6 lọ́sẹ̀. Bẹ́ ẹ kò bá kó owó sínú mítà gáàsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí pé ẹ kò tan hítà, owó yìí á ti kó jọ dè yín. Ẹ máa kó díẹ̀díẹ̀ sí i láti oṣù kẹfà lọ. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé iye owó yúníìtì kọ̀ọ̀kan ni òfin Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ owó iná àti gáàsì, ká lọ́wọ́ kò, kì í ṣe àpapọ̀ bíìlì. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń yí i padà. Bẹ́ ẹ bá lò ó jù, ẹ máa san án jù.

Ó ku físà. Ìbẹ̀rù ń jẹ́ káwọn èèyàn wa pàdánù ohun tó tọ́ sí wọn. Bí ìwé yín bá sọ pé no recourse to public funds, ìyẹn pé ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba, ẹ má béèrè Universal Credit, Child Benefit, Housing Benefit tàbí Council Tax Reduction, ẹ̀dínwó fún aláìní lórí owó orí ilé tí káńsù ń gbà. Warm Home Discount, £150 tí wọ́n ń yọ lórí bíìlì iná, irú àwọn owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ ló ń tẹ̀ lé, nítorí náà kò tí ì kàn yín. Ṣùgbọ́n Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ àrà ọ̀tọ̀, kì í ṣe owó ìjọba, ọ̀fẹ́ ni lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná, ilé tó bá sì ní ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún lè wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá dá nìkan gbé gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà lẹ́tọ̀ọ́ sí ẹ̀dínwó 25% lórí Council Tax, ìyẹn náà kò ba físà jẹ́. Ilé tó jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ kíkún nìkan ló wà níbẹ̀ kì í san án rárá. Ọkọ tàbí aya akẹ́kọ̀ọ́ tí físà rẹ̀ kò jẹ́ kó gba owó ìrànwọ́ náà, wọn kì í kà á mọ́ ọn. Káńsù kì í sáré sọ èyí fún èèyàn, ẹ béèrè. Oúnjẹ ọ̀sán ilé ìwé náà, láti Reception dé Year 2, ìyẹn ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ nílé ìwé, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ọmọ tó wà ní ilé ìwé ìjọba ní England.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti níwèé ìgbélùú, tẹ́ ẹ sì ní òbí tó ti dàgbà níbí, ẹ wò ó bóyá Winter Fuel Payment wọn, owó hítà tí ìjọba ń fún àwọn àgbàlagbà, ń wọlé, £200 tàbí £300 ni. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá lé ní £35,000 lọ́dún nìkan ni wọ́n máa gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìyá Ọlọ́bẹ̀, Birmingham

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ilé ìdáná, nítorí owó ń sunkún níbẹ̀ náà.

Ẹ̀wà kọ́kọ́. Ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sè é nínú ìkòkò pressure. Ohun tó ń gbà ju wákàtí kan lọ lórí iná, nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ló máa parí. Ata ọbẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ń fi iná gbẹ omi ara ata, èéfín omi á bo gbogbo ilé, fèrèsé á máa làágùn. Bẹ́ ẹ bá ti lọ̀ ọ́ tán, ẹ dà á sínú asẹ́ tàbí aṣọ mímọ́, ẹ jẹ́ kó ro fúnra rẹ̀. Ẹ má da omi rẹ̀ nù, ó dùn nínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Èyí tó kù sínú asẹ́ kò ní pẹ́ nínú òróró kó tó dín. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ máa dín ata fún, kẹ́ ẹ pín in sínú ike, kó tutù dáadáa kẹ́ ẹ tó kó o sí fírísà. Èyí tẹ́ ẹ máa lò lọ́la, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú fíríìjì lálẹ́, kẹ́ ẹ má fi iná yọ́ yìnyín.

Ẹni tí sítóòfù rẹ̀ bá jẹ́ oníná, kó fi kẹ́tù hó omi kó tó dà á sí ìkòkò. Ẹni tó ń lo gáàsì kò nílò ìyẹn, nítorí ní ìparí ọdún 2025, yúníìtì iná mànàmáná kan tó bíi pẹ́ńsì 26, ti gáàsì kò ju nǹkan bíi pẹ́ńsì 6 lọ. Kẹ́ ẹ ṣáà dé ìkòkò ni.

Ẹ má ra ẹran ewúrẹ́ ní kílò kan, kílò méjì. Ilé mẹ́rin ni wá, a máa ń dá owó jọ ra odindi, alápatà á gé e, a ó pín in. Ìrẹsì náà, àpò 20kg ni ká jọ rà. Ata rodo àti tàtàṣé, ọjà Bull Ring ni mo ti ń rà á ní abọ́-abọ́, ó sì máa ń dínwó sí i nígbà tí wọ́n bá fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ní àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lẹ ìwé yẹ́lò mọ́ búrẹ́dì àti ẹran tí ọjọ́ rẹ̀ fẹ́ pé. Ẹ rà á, kẹ́ ẹ kó o sí fírísà lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tọ́lá, Glasgow

Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ilé tí mò ń gbé kò ní gáàsì, iná mànàmáná nìkan ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ wà nírú ilé yìí, ẹ ṣọ́ra fún hítà kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná. Èyí tó bá jẹ́ 2kW, ní iye owó iná ìparí ọdún 2025, ó lé ní pẹ́ńsì 50 ní wákàtí kan. Wákàtí mẹ́fà lójúmọ́ á gbé £90 kọjá lóṣù. Kúbùsù oníná tó jẹ́ 100W kò tó pẹ́ńsì 3 ní wákàtí kan. Ara èèyàn ló ń mú móoru, kì í ṣe òrùlé. Mo máa ń kàwé lábẹ́ rẹ̀ ni.

Bí ilé bá ní storage heater, ó yẹ kẹ́ ẹ wà lórí irú owó iná Economy 7, èyí tó dínwó fún wákàtí méje lóru. Ìgbà yẹn ló ń kó ooru pamọ́. Bọ́tìnnì méjì ló ní: input ń sọ iye tó máa kó pamọ́, output ń sọ iye tó máa tú jáde. Ẹ pa output kẹ́ ẹ tó sùn, kí ooru ọ̀la má baà jáde tán lóru. Fọ aṣọ lóru náà bí kò bá dí aládùúgbò lọ́wọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń san owó iná fún láńlọ́ọ̀dù, ó ní òfin kan. Kò gbọ́dọ̀ ta yúníìtì fún yín ju iye tí òun fúnra rẹ̀ rà á lọ. Ẹ ní kó fi bíìlì hàn yín. Ní Scotland níbí, Home Energy Scotland ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Houston

Mo kí gbogbo ilé. Ẹ̀yin ará ọ̀hún, ẹ má fi owó ìtọ́jú páìpù ṣeré. Ní oṣù kejì ọdún 2021, òtútù bo Texas, iná lọ, páìpù bẹ́ ní ilé rẹpẹtẹ. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Ẹ fi fóòmù wé páìpù tó bá hàn síta. Bẹ́ ẹ bá ń rìnrìn àjò nígbà òtútù, ẹ má pa hítà pátápátá. Ará Amẹ́ríkà tí owó iná bá ń ni lára, ẹ béèrè LIHEAP ní ìpínlẹ̀ yín, owó ìjọba àpapọ̀ ni.

Àbẹ̀ní, Leeds

Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Mo wo bọ́ílà, orí 78 ló wà! Mo ti dá a sí 60. Ọkọ mi pe ilé iṣẹ́ gáàsì, gbèsè àwọn tó kó jáde wà lórí mítà lóòótọ́, wọ́n ní ká fi ìwé ilé ránṣẹ́. Ẹ tún gbà mí ní ọ̀rọ̀ kan: nǹkan dúdú ti ń hù ní kọ̀rọ̀ yàrá àwọn ọmọ, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ. Ṣé hítà la ó máa tàn sí i ni?

Ìyá Ìbejì, Peckham

Mould nìyẹn, má fi í sílẹ̀ o, èémí àwọn ọmọ ló ń bá jà. Omi inú atẹ́gùn ilé ló ń wá ògiri tó tutù lẹ̀ mọ́. Fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn kúrò lára ògiri kí atẹ́gùn lè kọjá. Láràárọ̀, nu omi ara fèrèsé, kó o ṣí i gbayawu fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o tì í. Ilé kò ní tutù tán láàárín ìyẹn. Tó o bá ń sè tàbí tó o bá ń wẹ̀, ti ìlẹ̀kùn ibẹ̀, ṣí fèrèsé rẹ̀. Èyí tó ti hù, ra oògùn rẹ̀, fi aṣọ tútù nu ún. Má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, á fọ́n káàkiri ilé.

Má sá aṣọ sórí rèdíétọ̀ mọ́. Èmi ra ohun ìsáṣọ oníná, 300W péré. Nǹkan bí yúníìtì kan ló ń jẹ ní wákàtí mẹ́ta, nígbà tí ẹ̀rọ ìgbẹṣọ lè jẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ilé ìwẹ̀ ni mo ń gbé e sí, mo ń ti ìlẹ̀kùn, mo sì ń ṣí fèrèsé díẹ̀.

Káyọ̀dé, Coventry

Ya fọ́tò rẹ̀ kẹ́ ẹ tó nu ún, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí láńlọ́ọ̀dù nínú ìwé tàbí ímeèlì, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí kò bá dáhùn, káńsù ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé tí kò dára fún ìlera. Bó bá jẹ́ ilé káńsù tàbí ti housing association, ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè tó ń fi ilé háyà, ni, òfin tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní England láti 27 oṣù kẹwàá 2025. Wọ́n fi orúkọ Awaab Ishak pe òfin náà, ọmọ ọdún méjì tí mould inú ilé ṣekú pa ní Rochdale lóṣù kejìlá ọdún 2020. Onílé gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Èyí tó bá jẹ́ pàjáwìrì, wákàtí 24 ni.

Àdùkẹ́, Milton Keynes

Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ oṣù kejìlá náà. Bíìlì kọ́ ló ń jẹ ọ̀pọ̀ nínú wa tán nígbà òtútù, aṣọ ẹbí ni, owó Kérésì tí à ń fi ránṣẹ́ sílé ni, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfúrufú ni. Bó bá di oṣù kìíní, owó hítà á wá di ohun tí a ń yá. Nínú ilé wa, a ti jókòó sọ ọ́ láti oṣù kẹsàn-án: iye kan péré la máa fi ránṣẹ́ sílé, a sì ti sọ iye náà fún àwọn òbí wa nígbà náà. Wọ́n gbà á, nítorí pé wọ́n gbọ́ ọ ṣáájú. Àjọ tí à ń dá láàárín àwọn ọ̀rẹ́, mo tọrọ oṣù kìíní fún tèmi, torí oṣù yẹn ló ń le jù. Aṣọ ẹbí kan ṣoṣo lọ́dún. Ẹni tó bá fẹ́ràn wa á bá wa rò ó.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá, Luton

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé èédú wọlé láti yáná. Ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn oven sílẹ̀ fi mú ilé móoru. Carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń tinú wọn jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ojú oorun ló sì ń pa èèyàn. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tó sì ń lọ bí wọ́n bá jáde síta, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jáde, ẹ pe 0800 111 999. Ní England, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, onílé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ké bí carbon monoxide bá wà sí yàrá tí bọ́ílà gáàsì bá wà. Ẹni tí kò bá ní i, kó béèrè.

Adé, Croydon

Ẹnjiníà, ẹ má bínú. Bọ́ílà wa kú láàárọ̀ yìí, ó ń dún gbuku-gbuku kó tó kú. Yìnyín bo gbogbo ìta. Ẹni tí a pè sọ pé £120 lòun á gbà kí òun tó yọjú.

Ẹnjiníà Gáàsì, Manchester

Má san án ná. Wo páìpù ike tó jáde láti ìdí bọ́ílà sí ìta, ó ṣeé ṣe kí omi ti dì nínú rẹ̀. Da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i lára láti òkè wá sísàlẹ̀, má lo omi híhó, ike á sán. Tún un dà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà kó o tẹ bọ́tìnnì reset. Bó bá ti tàn, ra fóòmù páìpù kó o fi wé apá tó wà níta. Bí kò bá tàn, ẹni tó bá ní káàdì Gas Safe, ìwé àṣẹ iṣẹ́ gáàsì, nìkan ni kó ṣí i, kó o yẹ ẹ̀yìn káàdì wò, iṣẹ́ tí wọ́n gbà á láyè láti ṣe wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì ń háyà ilé, láńlọ́ọ̀dù ló ni àtúnṣe yẹn, pè é kó o tó pe ẹnikẹ́ni.